Ìgbà Tí Iná Pupa Náà Kú

Mọ́tò náà kò sáré. Ohun tí gbogbo ẹni tó wà lójú títì Ẹgbẹ́dá sí Ìdímù lọ́sàn-án ọjọ́ náà sọ nìyẹn, kálukú lọ́nà tirẹ̀. Òjò ń rọ̀, kì í ṣe òjò ńlá, irú èyí tó máa ń rọra dà láti àárọ̀ bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ. Mọ́tò àtijọ́ kan, aláwọ̀ ewé, tí jíà rẹ̀ wà lára sítíárì, tí iná iwájú rẹ̀ méjèèjì dà bí ojú ẹni tí oorun ń kùn, kúrò lójú títì díẹ̀díẹ̀. Ó gba àárín ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fóònù ṣe àti ibi tí àwọn kẹ̀kẹ́ ń dúró sí kọjá, kò kan ẹnikẹ́ni, ó sì lọ fi imú sọ ògiri búlọ́ọ̀kù kan. Obìnrin kan tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní ńṣe ló dà bíi pé mọ́tò náà fẹ́ wọlé lọ sùn.

Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n bá Bàbá Zacchaeus Ọlátúnbọ̀sún nídìí sítíárì. Ó wọ sùtánà funfun, kò wọ bàtà, gẹ́gẹ́ bí àwọn Aládùúrà ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá ti wọ aṣọ àdúrà. Ojú rẹ̀ là díẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí kò sí ẹnì kankan. Fúláàsì tíì kan ṣoṣo ló wà lórí àga náà, tíì inú rẹ̀ sì ti lọ sí ìdajì.

Nítorí fúláàsì yẹn ni wọ́n fi mú Hephzibah.

*

Inspẹ́kítọ̀ Hàbíbátù máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n máa ń rò pé kò fọkàn sí ohun tí wọ́n ń sọ, torí bẹ́ẹ̀ wọ́n máa ń sọ ju bí wọ́n ṣe fẹ́ sọ lọ. Ní àgọ́ ọlọ́pàá tó wà ní Ìkòtún, ó jókòó síwájú Hephzibah, ó sì ń wo bí omi òjò ṣe ń ṣàn lára gíláàsì fèrèsé.

"Ẹ̀yin lẹ po tíì yìí, mà?"

"Èmi ni."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Atalẹ̀, oyin, ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀."

"Kí tún ni?"

"Omi gbígbóná."

Obìnrin opó ni Hephzibah, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Òun ló ń rán sùtánà fún àwọn ará ìjọ tí Bàbá Zacchaeus ń lọ ní Ẹgbẹ́dá. Gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé àwọn méjèèjì fẹ́ fẹ́ra.

Kọ́púrà Gideon, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, gbé páálí oògùn kékeré kan sórí tábìlì. "Inú báàgì wọn la ti rí i, mà. Oògùn oorun ni."

"Tèmi ni," ni Hephzibah wí. "Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni mi ò ti í rí oorun sùn dáadáa. Dókítà ló kọ ọ́ fún mi."

Ẹnì kan tún wà nínú yàrá náà. Olúwagbénga ni, ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá Zacchaeus bí, tó ń ṣiṣẹ́ oṣù ní Ìkẹjà. Ó ti dúró láti ìgbà tó ti wọlé. Ó ní, "Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí Dádì sọ fún wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Hephzibah wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Wọ́n ní àwọn ò lè fẹ́ mi mọ́."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ní Màmá Gbénga ti ń wá bá àwọn."

"Màmá Gbénga tó ti kú?"

"Òun náà ni. Tòún lorúkọ wọn. Wọ́n ní ó máa ń wá jókòó ti àwọn nínú mọ́tò, kò ní sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìyẹn fi hàn pé kò fẹ́ mi."

Hàbíbátù rọra bèèrè ohun tó tẹ̀ lé e. "Ẹ wá bínú?"

"Mo sunkún. Nígbà tí ọjọ́ ìsìn tún pé, mo po tíì, mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Ọ̀fun wọn kì í jẹ́ kí wọ́n kọrin láìsí atalẹ̀. Ṣé kí n wá tìtorí pé wọn ò fẹ́ mi mọ́, kí n jẹ́ kí ohùn wọn há?"

Olúwagbénga fi imú rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú Hephzibah padà sí àhámọ́.

Nígbà tí ó ku àwọn ọlọ́pàá méjèèjì nìkan, Gideon ní, "Ọ̀rọ̀ ti yé wa ṣá, mà. Oògùn wà lọ́wọ́ ẹ̀, ìbínú sì wà nínú ẹ̀. Tí àyẹ̀wò tíì yẹn bá dé báyìí, a ti parí."

Hàbíbátù gbé fúláàsì náà dání, ó yí i po. Nídìí rẹ̀, ẹnì kan ti fi kútẹ́ẹ̀sì pupa kọ *Hephzibah* gàdàgbà, kí wọ́n má baà gbé e lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Gideon, tó o bá fẹ́ fún èèyàn ní májèlé, ṣé wàá fi orúkọ ẹ sí ìdí ife?"

Hàbíbátù ti ń wá agboòrùn rẹ̀.

*

Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé Bàbá Zacchaeus lọ ní Ìgàndo, dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣeunfúnmi, bá Hàbíbátù sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bó ṣe yá wọn kíákíá. Wọn ò lè dá orúkọ ara wọn pè nígbà tí wọ́n dé. A fi ọ́síjìn sí wọn nímú torí wọ́n ń mí lọ́nà tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi jí, tí wọ́n ń béèrè fìlà wọn. Orí fífọ́ ló ṣẹ́ kù."

"Tó bá jẹ́ oògùn oorun ńkọ́?"

"Wọn ì bá ṣì máa sùn. Ọ́síjìn kì í tú oògùn oorun báyẹn."

Bàbá Zacchaeus jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sí fèrèsé. Ọkùnrin gíga ni, irun rẹ̀ funfun bí òwú. Kí ó tó fẹ̀yìn tì, ó kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé gíga lórin, ìka rẹ̀ sì ń lu aṣọ ìbora jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń tẹ dùùrù.

Hàbíbátù kúnlẹ̀ kí i, ó sì fa àga kan mọ́ra. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ sọ fún mi bí Màmá ṣe máa ń wá."

Bàbá wò ó bóyá ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Kò rí i bẹ́ẹ̀.

"Wọ́ọ́rọ́wọ́ ni. Ara mi á kọ́kọ́ fúyẹ́. Ariwo títì á jìnnà sí mi, bí ìgbà tí èèyàn bá wà lábẹ́ omi. Mi ò ní mọ ìgbà tí ó wọlé. Tí mo bá yíjú báyìí, á ti jókòó. Ìborùn aláwọ̀ aró rẹ̀ ló máa ń wé. Á máa wo ojú ọ̀nà."

"Kì í sọ̀rọ̀?"

"Kì í sọ̀rọ̀. Nígbà ayé rẹ̀ náà, kì í sọ̀rọ̀ tí mo bá ń wakọ̀. Ó ní kí n máa wo iwájú." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àti pé, ṣé o rí i, atẹ́gùn kan máa ń fẹ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Torí n kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà, mo máa ń mọ̀ ọ́n lára dáadáa. Mo ní Tòún ló ń mí sí mi lẹ́sẹ̀."

Ọwọ́ Hàbíbátù, tó ń tún ìborí rẹ̀ ṣe, dúró sójú kan.

"Ṣé gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá wakọ̀ ló máa ń wá?"

"Rárá o. Ìgbà òjò ni. Tí oòrùn bá ràn, n kì í rí i."

"Tíì Màmá Hephzibah ńkọ́? Ìgbà òjò nìkan lẹ máa ń mu ún?"

"Gbogbo ọjọ́ ìsìn ni mò ń mu ún, ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò."

"Láti ìgbà wo ni Màmá ti ń wá, sà?"

Bàbá Zacchaeus kò ronú kí ó tó dáhùn. Ó ti bá ara rẹ̀ sọ ọ́ tó ìgbà púpọ̀. "Láti ìgbà tí iná pupa yẹn ti kú."

"Iná wo?"

"Èyí tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù mi, iná ọ́ìlì. Ó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, kò sì kú. Mo yọ géèjì wò, ọ́ìlì kún. Ọkàn mi ò balẹ̀ ṣá. Gbogbo àárọ̀ ni mò ń pe Gbénga. Ó wá rán réwáyà kan wá, ẹni tó máa ń tún wáyà mọ́tò ṣe, ìyẹn sì pa á. Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni Tòún wọlé." Ó gbé ojú sókè. "Mo ti rò ó, ọmọ mi. Mo rò pé òun ló ń kanlẹ̀kùn ní gbogbo ìgbà tí iná yẹn ń tàn."

*

Wọ́n ti wọ́ mọ́tò náà wá sí ọgbà àgọ́ ọlọ́pàá. Bọ́ńpà rẹ̀ ti tẹ̀, iná iwájú kan ti fọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò ní nǹkan kan. Bàbá tó bí Hàbíbátù wa takisí ní Ìdímù títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yìn irú mọ́tò báyìí ló ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Ó wọlé, ó jókòó nídìí sítíárì, ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sitáàtì rẹ̀.

"Gideon, wo dáṣíbọ́ọ̀dù yìí. Kí lo rí?"

"Iná bátìrì tàn. Iná bíréèkì ọwọ́ tàn."

"Ọ́ìlì ńkọ́?"

"Kò tàn, mà. Ṣebí ìyẹn dáa? Kò sí wàhálà lára ọ́ìlì nìyẹn."

"Kò dáa. Ẹ́ńjìnnì ò tíì ṣiṣẹ́, ọ́ìlì ò tíì máa ṣàn. Ní àkókò yìí gan-an ló yẹ kí iná yẹn tàn. Tí ẹ́ńjìnnì bá jí, ìgbà yẹn ló yẹ kó kú. Iná tí kò tàn rárá kì í ṣe iná tí ara ẹ̀ yá."

"Bóyá gílóòbù ẹ̀ ló jó."

Ìyẹn ṣeé ṣe. Hàbíbátù fa dáṣíbọ́ọ̀dù náà síwájú díẹ̀, ó yọ gílóòbù bátìrì tó ń tàn, ó fi sí ojú ti ọ́ìlì. Kò tàn. Ó fi ti ọ́ìlì sí ojú bátìrì. Ó tàn, ó pọ́n dẹ̀dẹ̀.

"Gílóòbù ò ṣe nǹkan kan," ni ó wí. "Iná ò dé ojú ẹ̀ ni. Bàbá ní wọ́n pa á. Mo rò pé òótọ́ ni wọ́n sọ."

Kí ó tó jáde lọ bá réwáyà náà, ó yà sí àhámọ́.

"Mà, ṣé ẹ ti bá Bàbá wọ mọ́tò yìí nígbà tí òjò ń rọ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀kan," ni Hephzibah dáhùn. "Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi ni. Orí fọ́ mi títí mo fi délé. Èébì ń gbé mi. Mo ní ìbànújẹ́ ni."

"Ṣé ẹ mu tíì lọ́jọ́ náà?"

"Èmi? N kì í mu atalẹ̀. Ó máa ń ta mí níkùn."

*

Réwáyà náà ń jẹ́ Promise. Ó ní ibi iṣẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ìgàndo, abẹ́ páànù mẹ́rin kan tó ń jò. Nígbà tí ó rí Gideon nínú aṣọ ọlọ́pàá, ó rọra gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Mọ́tò Bàbá Zacchaeus," ni Hàbíbátù wí. "Èyí tó ní iná ọ́ìlì."

"Mo mọ̀ ọ́n, mà. Mo ti tún un ṣe tipẹ́. Wọn ò tún pè mí."

"Promise, mo yí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ lónìí. Tó bá jẹ́ pé o tún un ṣe ni, ì bá tàn kó tó kú. Kò tàn rárá."

Promise fi ọwọ́ nu ojú. "I no get bad mind o, Madam."

"Mi ò sọ pé o ní in. Sọ bó o ṣe ṣe é fún mi."

"Mo yẹ ọ́ìlì wò, ó pé. Mo pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ̀ bóyá ọ́ìlì ń ṣàn, iná ṣì ń tàn. Mo wá tọ wáyà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo bá ibì kan lára ẹ̀ tó ti yọ́, tí bàbà inú ẹ̀ ń kan irin ẹ́ńjìnnì. Ìdí tí iná fi ń tàn nìyẹn. Ọ́ìlì ò ṣe nǹkan kan."

"O wá pààrọ̀ wáyà."

Ó mú irinṣẹ́ rẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Promise."

"Mo fà á yọ, mà. Bọ̀ọ̀dá Gbénga ló ní kí n ṣá jẹ́ kí iná yẹn kú. Wọ́n ní Bàbá ń pe àwọn ní gbogbo àárọ̀, wọ́n á wà ní ìpàdé níbi iṣẹ́, fóònù á máa dún. Wọ́n ní báwọn bá tún gbọ́ nípa iná yẹn, àwọn á wá ẹlòmíràn. Mo sì mọ̀ pé ọ́ìlì ò ní wàhálà, mo ní kò lè pa èèyàn lára."

Gideon wo Hàbíbátù. Ojú rẹ̀ ti ń tàn. Ọmọ tó fẹ́ jogún ilé baba rẹ̀, tó ń na ìka sí obìnrin aláìṣẹ̀: ó ti rí ọ̀daràn tuntun.

Hàbíbátù kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ibo ni wáyà yẹn gbà wọnú mọ́tò?"

"Ihò kan wà lókè ibi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ sí. Rọ́bà kan ló dí i yíká wáyà."

"Rọ́bà náà dà?"

"Ó ti gbó. Nígbà tí mo fa wáyà, ó já dànù."

"O ò dí ihò náà."

"Ihò kékeré ni, mà."

Hàbíbátù jókòó sórí táyà kan tó wà níbẹ̀. Ó dà bíi pé oorun ń kùn ún gan-an. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Wáyà yẹn ti wà nínú mọ́tò náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Kí ló jó o?"

Promise wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo títì. "Mi ò bi ara mi, mà," ni ó wí níkẹyìn.

*

Wọ́n mú un dání padà sí Ìkòtún. Òjò ti tún bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ agboòrùn, Promise ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì fi ibi tí wáyà gbà hàn wọ́n. Hàbíbátù tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Níbi tí èéfín ti ń jáde lára ẹ́ńjìnnì bọ́ sínú páìpù tó ń gbé e lọ sẹ́yìn, irin náà ti sán. Ìlà tín-ín-rín kan ni, bí irun orí. Ṣùgbọ́n gbogbo ara irin tó dojú kọ ọ́ ti dúdú fún èédú.

"Ooru ibí yìí ló yọ́ wáyà," ni Hàbíbátù wí. "Iná yẹn ń sọ nǹkan fún yín. Ẹ̀ ń wo ọ́ìlì torí àwòrán ọ́ìlì ló wà lára ẹ̀. Ẹ rí i pé ọ́ìlì kún, ẹ ní irọ́ ló ń pa, ẹ pa á."

Ó na ìka sí ihò tó wà lára irin tó pààlà ẹ́ńjìnnì àti inú mọ́tò. Èédú ti yí ẹnu rẹ̀ po.

Gideon wo ibi tí irin ti sán, ó wo ihò. Ojú ìran tó ti wà nínú orí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń yí padà. "Èéfín ń gba ibí wọlé, mà."

"Sí ẹsẹ̀ Bàbá. Tí oòrùn bá ràn, gíláàsì á wà nílẹ̀, atẹ́gùn á gbé e jáde. Tí òjò bá rọ̀, wọ́n á gbé gíláàsì sókè. Ṣé o rántí ìdílé tí a bá òkú wọn nínú yàrá lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀?"

Gideon rántí. Wọ́n sùn bí ẹni tí kò sí ohun tó ń dùn wọ́n.

"Ìbẹ̀rẹ̀ irú oorun yẹn ni Bàbá ń rí," ni Hàbíbátù wí.

Ó ku ohun kan tó fẹ́ mọ̀, kò sì sí ìwé tó lè sọ ọ́ fún un. Ó bọ́ bàtà. Ó wọnú mọ́tò, ó gbé gbogbo gíláàsì sókè, ó fi àtẹ́lẹwọ́ òsì lé gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Dúró síbẹ̀. Tí ọwọ́ yìí bá ṣí kúrò lórí gíláàsì, ṣílẹ̀kùn kó o fà mí jáde."

"Mà, kò yẹ kẹ́ ẹ..."

Ó ti sitáàtì ẹ́ńjìnnì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ kò sí nǹkan kan. Òjò ń lu òrùlé mọ́tò. Gideon dúró lójú òjò, àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ náà kọjú sí ti Hàbíbátù lára gíláàsì, agboòrùn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, atẹ́gùn kan fẹ́ sí Hàbíbátù lẹ́sẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí Bàbá ṣe sọ. Òórùn rẹ̀ kò tó nǹkan. Orí rẹ̀ wúwo díẹ̀, lẹ́yìn náà ó fúyẹ́. Ìró òjò ń lọ jìnnà, ó ń lọ jìnnà. Ó gbọ́ ohùn kan tó ń pe èrò, *Ìdímù, Ìdímù, ẹ wọlé*, ohùn tí kò tíì gbọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá rẹ̀. Ó tún wà ní ọmọdé lórí àga ẹ̀yìn, ìwé rẹ̀ ti yọ̀ bọ́ sílẹ̀, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kó mú un. Ẹnì kan yóò gbé e wọlé tí wọ́n bá délé. Kò sí ohun tó le mọ́. Ó kàn fẹ́ yíjú wo ẹni tó ń wakọ̀.

Òjò bà á lójú. Gideon ti wọ́ ọ jáde, ó gbé e jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀, Promise sì ti na ọwọ́ wọlé pa ẹ́ńjìnnì.

"Mà. Mà, ẹ dá mi lóhùn."

"Mo wà níbí," ni Hàbíbátù wí. Orí rẹ̀ ti ń fọ́. Ó pẹ́ kí ó tó lè dìde, kì í sì ṣe èéfín nìkan ló fà á.

*

Olúwagbénga gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Nígbà tí àlàyé Hàbíbátù dé orí ihò náà, ó wá àga, ó jókòó.

"Mo ní kó pa iná náà," ni ó wí.

"Ohun tí Promise sọ nìyẹn."

"Mo rò pé àròyé arúgbó lásán ni. Lẹ́yìn tí Mọ́mì kú, gbogbo nǹkan ni wọ́n fi ń pè mí. Lónìí fìríìjì, lọ́la iná mọ́tò." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó tún gbé e kúrò. "Ṣé ẹ máa mú mi?"

"Ọ̀gá mi ló máa pinnu ohun tó kàn. Mi ò rí i pé o fẹ́ pa bàbá ẹ. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà nínú àhámọ́ níbẹ̀ yẹn, ìwọ lo sì fi í síbẹ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́ ìwọ lo máa kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ kí n tó ṣílẹ̀kùn."

Ó lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì níwájú irin àhámọ́, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ lára. Hephzibah wò ó pẹ́.

"Mo ti gbọ́, Gbénga. Dìde," ni ó wí. "Mi ò tíì lè sọ pé kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n dìde."

*

Lọ́jọ́ kejì, Hàbíbátù padà sí Ìgàndo. Ó rọra sọ ọ́ fún Bàbá Zacchaeus, láti orí wáyà dé orí ihò. Oòrùn ti jáde, aṣọ fèrèsé ń mì.

"Èéfín ni," ni Bàbá wí.

"Èéfín ni, sà."

"Ìborùn aláwọ̀ aró yẹn ńkọ́? Èéfín ló wé e?"

"Rárá, sà. Èéfín ò mọ Màmá. Ọkàn yín ló mọ̀ wọ́n."

Ó mi orí. "Tí wọ́n bá dí ihò yẹn, kò ní wá mọ́."

Hàbíbátù rántí ohùn tó ń pe èrò. Ó wù ú kó wí ohun tó máa tù ú nínú, kò sì rí èyí tó jẹ́ òótọ́. "Kò ní wá mọ́, sà."

Omijé bọ́ lójú bàbá náà, kò nù ún. Ìgbà yẹn ni Hephzibah dé ẹnu ọ̀nà. Kò gbé fúláàsì dání. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ níbi tó wà, ó dìde, kò wọlé.

"Wọ́n ní ara yín ti ń yá, sà."

"Hephzibah." Ohùn rẹ̀ há. "Wọ́n tì ọ́ mọ́lé nítorí mi. Mo jí, wọ́n sọ fún mi, mi ò sì ní kí wọ́n tú ọ sílẹ̀. Mo ní bóyá ohun tí Tòún wá sọ nìyẹn."

"Ṣé Tòún sọ̀rọ̀?"

"Rárá."

"Ṣé ó bojú jẹ́ sí yín rí?"

"Rárá. Ó kàn ń wo ojú ọ̀nà."

"Ta ló wá sọ pé kò fẹ́ mi?"

Nọ́ọ̀sì kan kọjá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ oògùn. Bàbá Zacchaeus dúró títí ìró rẹ̀ fi lọ tán. Ìka rẹ̀ kò lu aṣọ ìbora mọ́.

"Èmi ni," ni ó wí. "Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé tí mo bá mú ọ wọlé, màá gbàgbé ohùn rẹ̀."

Hephzibah wọlé, ó fa àga kan sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sún mọ́ ọn jù, ó jókòó, ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé itan.

"Báwo ni ohùn wọn ṣe rí?" ni ó bi í. "Ẹ sọ fún mi."

Bàbá Zacchaeus bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Hàbíbátù gbé agboòrùn rẹ̀, ó jáde, ó sì rọra fa ilẹ̀kùn dé.